Síse kò lè lé òjé kúrò nínú omi

Ẹ ṣeun fún ìròyìn yìí lórí carbon nanotubes, ìyẹn ọ̀pá tíntìntín tí wọ́n fi carbon ṣe, tí wọ́n fi ń fa òjé jáde nínú omi kí ẹ̀rọ lè wọn bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ má fojú kéré òjé inú omi o. Máíkírógíráàmù 10 péré (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú lítà omi kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. Ojú kò lè rí i. Ásíìdì ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀pá tíntìntín wọ̀nyí kí òjé lè lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á tún fi ásíìdì díẹ̀ ṣàn án kúrò kí ẹ̀rọ tó wọn ọ́n. Kànga wa kò jìnnà sí odò Àlà, mẹkáníìkì sì ń da omi bátìrì ọkọ̀, tí òjé wà nínú rẹ̀, sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi ní ká ṣáà máa sè é. Ẹ̀yin olùkọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ omi kànga náà wò. Ọmọ mẹ́ta ló ń mu ún.