"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," kó wá dé o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ nípa kọ̀ǹpútà Apple tuntun pé "ó fẹ́ jáde" yìí, kí la fi ṣe yín gan-an? Gbogbo ìgbà tí mo bá ti fẹ́ ra Mac mini, kọ̀ǹpútà Apple kékeré yẹn, báyìí lẹnìkan á yọjú pé kí n ní sùúrù, pé tuntun ti dé tán, chip tuntun, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà nínú ẹ̀, ni màá bá tún gbé owó mi pa mọ́, oṣù á wọlé oṣù á jáde, a ò ní rí nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ a mọ̀ wọ́n o: Mac mini 2014, ó di 2018 kí òmíì tó jáde. Mac Pro 2013, kọ̀ǹpútà Apple tó lágbára jù ú lọ, ńkọ́? 2019! Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí àhesọ ẹ̀ ń jà ràn-ìn á ti wọ súkúù. Bọ̀ọ̀dá tí mò ń bá nájà ní Alágbàká, Àkúrẹ́ níbí, ò tiẹ̀ rí tiwa rò, bí dọ́là bá ti gbéra báyìí lòun náà á gbówó lé e, lórí ọjà tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù látọjọ́ yìí! Èyí tó wà nílé ńkọ́, tí n bá ti ṣí Photoshop kí n fi ṣe bánà ìnáwó fún kọ́sítọ́mà, fáànù ẹ̀ á máa ké bíi jẹnẹrétọ̀. Tí tuntun bá wá jáde tán, àwọn yìí kan náà lá tún ní ká má rà á, pé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló dáa. Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre.