Ẹ fi El Clásico sílẹ̀ ná, Betis àti Sevilla ni kẹ́ ẹ wò

Èrò ọkàn mi rèé o. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù Sípéènì, Madrid àti Barça nìkan lará wa máa ń pariwo, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní El Clásico, bẹ́ẹ̀ sì rèé kò sí dábì kankan, ìyẹn ìjà ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn figagbága, ní Sípéènì tó ká mi lára tó ti Betis àti Sevilla. Madrid àti Barça, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wá, tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù tán, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ti Betis àti Sevilla kò rí bẹ́ẹ̀, inú ìlú Seville kan náà ni wọ́n jọ wà, ọkọ lè jẹ́ ti Betis kí ìyàwó jẹ́ ti Sevilla, tílẹ̀ bá mọ́ lẹ́yìn dábì wọ́n ṣì máa fojú kanra ni. Bí ọbàkan ni wọ́n rí, ẹ sì mọ̀ pé ìjà ọbàkan kì í tán bọ̀rọ̀.

Inú ẹgbẹ́ Sevilla náà kúkú ni àwọn kan ti bínú jáde ní 1909 tí wọ́n fi lọ dá Betis sílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Betis máa ń sọ ni pé àwọn ọ̀gá Sevilla ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ lásán wọ ẹgbẹ́ wọn, àfi ọmọ olówó. Nígbà tó di 1914, wọ́n da ara wọn pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ míì tó ti wà láti 1907, Sevilla Balompié, ó wá di Real Betis Balompié. Lóde òní olówó pọ̀ ní Betis, mẹ̀kúnnù náà sì pọ̀ ní Sevilla, àmọ́ ẹ̀dùn ọkàn yẹn ò kúrò ńlẹ̀.

Betis gba líìgì ní 1935 o! Ọmọ Ireland kan, Patrick O'Connell, ni kóòṣì wọn, póìǹtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ju Madrid lọ, wọ́n na Racing Santander ní 5-0 lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ yẹn sì tú ká, nígbà tó fi máa di 1947 wọ́n ti já dé divíṣọ̀n kẹta, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di 1954. Ní gbogbo àkókò yẹn Sevilla wà lókè, wọ́n tiẹ̀ gba líìgì tiwọn ní 1946. Àwọn ará Betis ò sá lọ. Wọ́n ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ wọn kiri àwọn ìlú kéékèèké, "Viva er Betis manque pierda" ni wọ́n ń pa, pé kí Betis pẹ́ láyé kódà kó lùzù. Ohun tó mú mi fẹ́ràn wọn gan-an nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní ká ka kọ́ọ̀pù, Sevilla ju wọ́n lọ, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, Europa League méje, ìyẹn kọ́ọ̀pù ilẹ̀ Yúróòpù, kì í ṣe kékeré. 2014 ló dùn mí jù. Wọ́n pàdé nínú Europa League, Betis lọ sí Sánchez Pizjuán, pápá Sevilla, wọ́n na Sevilla ní 2-0, gbogbo wa ti ń yọ̀, Sevilla wá sí Villamarín, pápá Betis, wọ́n dá 2-0 yẹn padà, ó di pẹ́nálítì, Sevilla wọlé, wọ́n sì lọ gba kọ́ọ̀pù náà, Betis ní tiwọn sì já sí divíṣọ̀n kejì lọ́dún yẹn kan náà. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò.

Àmọ́ tí ikú bá dé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjà sílẹ̀. Nígbà tí Antonio Puerta, agbábọ́ọ̀lù Sevilla, kú ní August 2007, ọmọ ọdún 22 péré, àwọn ará Betis bá wọn sunkún, wọ́n gbé òdòdó lọ.

Ní 2022 Betis gba Copa del Rey, kọ́ọ̀pù ọba Sípéènì, lọ́wọ́ Valencia, pẹ́nálítì ni, nínú ìlú Seville gan-an, Joaquín, agbábọ́ọ̀lù wọn tó gba kọ́ọ̀pù kan náà pẹ̀lú wọn ní 2005 ṣì wà níbẹ̀ lọ́mọ ogójì ọdún, ó sì gbá pẹ́nálítì tiẹ̀ wọlé. Ta ló tún ń ṣe irú ẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà tẹ́ ẹ ti di ará Sevilla torí Ejuke àti Akor Adams, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Sevilla, mi ò bá yín jà rárá. Ṣùgbọ́n Finidi George, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwọn, kúrò ní Ajax lọ sí Betis ní 1996, ó gbá gọ́ọ̀lù wọlé Barça nínú àṣekágbá Copa del Rey 1997 kí Barça tó borí ní 3-2, ó máa ń dé fìlà ńlá tí wọ́n ń dé lọ́hùn-ún tó bá ti gbá a wọlé. Kí wọ́n tó bí àwọn méjèèjì yẹn ló ti wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé àti funfun nílùú yẹn.