Ta ló rán an níṣẹ́?

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí n lè rí oorun sùn.

Ẹnìkan gbé e sínú gúrúùpù WhatsApp wa pé ọlọ́pàá ti tún gbé akọ̀ròyìn kan nítorí ohun tó kọ. N kò tíì ka ìròyìn náà dé ìdajì tí ẹ̀gbọ́n wa kan fi fèsì pé, "Ta ló rán an níṣẹ́?" Àwọn kan ti rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀gbọ́n tún wá fi òwe tì í lẹ́yìn: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó parí. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìbéèrè yẹn rí, ẹ má purọ́. Kò sí agbẹjọ́rò tó ń gbèjà ìjọba tó o, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣe é.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn. Lọ́dún 1973, Minere Amakiri ń ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn Nigerian Observer ní Port Harcourt. Ayé ológun ni, Alfred Diete-Spiff sì ni gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn olùkọ́ ń bínú nítorí owó oṣù àti ipò tí wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Amakiri kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i. Ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde ni ó wá bọ́ sí ọjọ́ ìbí gómìnà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn: ó ba ọjọ́ ìbí ọ̀gá jẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ ADC gómìnà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri, ní kí wọ́n mú un wá. Wọ́n nà án ní ẹgba 24, wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu yín ka ẹgba 24 wò. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin... Kí ẹ tó dé ìdajì, kíkà nìkan á ti sú yín. Ẹ wá rántí pé àgbàlagbà ọkùnrin ló wà lábẹ́ ẹgba ọ̀hún, kò jalè, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ta ló rán an níṣẹ́? Àwọn olùkọ́ ni. Ọ̀rọ̀ wọn ò dé etí gómìnà, òun ló bá wọn gbé e débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìyà ni ti Amakiri, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ló ń sọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Ayé ológun nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni. Ológun ló gbé Decree 4 jáde lọ́dún 1984, òfin tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n bí òótọ́ tilẹ̀ lo kọ, tí Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, fi lọ sẹ́wọ̀n. Ológun ló wà lórí àlééfà lọ́dún 1986 tí bọ́ǹbù inú àpòòwé pa Dele Giwa, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nínú ilé rẹ̀ n'Ìkẹjà, tí kò sí ẹni tí ilé-ẹjọ́ tíì dá lẹ́bi títí dòní. Ta ló wà lórí àlééfà wá ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020? Pelumi Onifade, ọmọ ọdún 20, akọ̀ròyìn Gboah TV, lọ ya fídíò rògbòdìyàn n'Ágége lásìkò EndSARS, ìwọ́de tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ìkà ọlọ́pàá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn Taskforce ìpínlẹ̀ Èkó ló gbé e. Mọ́ṣúárì Ìkòròdú ni ẹbí ti rí òkú ọmọ wọn. Ológun kọ́ ló ń ṣèjọba nígbà yẹn o.

Òfin Cybercrimes ti ọdún 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ọlọ́pàá fẹ́ràn jù báyìí láti fi gbé akọ̀ròyìn. Wọ́n tún un ṣe ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwa kan ti ń yọ̀ pé wọn ò ní fi gbé akọ̀ròyìn mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà gan-an, wọ́n gbé Daniel Ojukwu, akọ̀ròyìn iléeṣẹ́ ìròyìn FIJ, l'Ékòó, àwọn èèyàn rẹ̀ wá a títí kó tó hàn pé àtìmọ́lé ọlọ́pàá ló wà, wọ́n sì gbé e lọ sí Àbújá. Kí ló kọ? Owó ìjọba tí wọ́n ní kí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1973, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dún 2024.

(Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé àwọn akọ̀ròyìn tó ń gba àpòòwé owó wà. Wọ́n wà. Ẹ kíyè sí i pé ọlọ́pàá kì í gbé àwọn yẹn.)

Mo kó gbogbo èyí sínú gúrúùpù. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ̀gbọ́n ló wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀: "Àbúrò, bí wọ́n bá wá parọ́ mọ́ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé kí n kàn máa wò wọ́n?" Mo ní kí wọ́n gba kóòtù lọ, bí Amakiri ṣe gbà á lọ, tí ilé-ẹjọ́ dá a láre tí wọ́n sì ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ní ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní kóòtù, pé agbẹjọ́rò tó bá àwọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú, ẹjọ́ náà ò tíì kú. Wọ́n ní àgọ́ ọlọ́pàá yá jù.

N kò gbà fún wọn pé kí ọlọ́pàá máa gbé èèyàn nítorí ìwé tó kọ, n kò ní gbà láéláé. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wo ni mo ní kí wọ́n lọ? Ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó wà níbí, ẹ bá mi fún ẹ̀gbọ́n lésì, nítorí tèmi ò tó wọn.