Ọkùnrin tó ń ya ìpàkọ́

Nínú gbogbo ayàwòrán tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn tó ti J.D. 'Okhai Ojeikere. Bí oníbàárà bá wọ ilé fọ́tò, ojú rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n yà, kí gèlè hàn, kí eyín hàn. Bàbá yìí ní kí obìnrin kẹ̀yìn sí òun.

Ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, wọ́n bí i ní 1930. Ìbàdàn ló ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn fún ìjọba láti 1954, kó tó dé WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀, kó tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà l'Ékòó. Ìpolówó ló fi ń gbọ́ bùkátà, ṣùgbọ́n láti 1968, irun ni ọkàn rẹ̀ wà. Lójú títì, níbi iṣẹ́, níbi ìgbéyàwó, ibi yòówù kó ti rí irun tó wù ú, á yà á. Kó tó kú ní 2014, fọ́tò irun tó yà ti ń lọ sí 1,000.

Ẹ wá fọ́tò rẹ̀ ti 1975 tó ń jẹ́ Onílé Gogoro kí ẹ wò ó dáadáa. Òwú ni wọ́n fi kó irun yẹn, tó fi nà sókè bí ilé alájà púpọ̀. Dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, kò sí nǹkankan lẹ́yìn irun tó lè gba ojú ẹni. Ẹ ó kàn máa tọ òwú lọ ni.

Àwọn kan ń sọ pé bí a ò bá rí ojú obìnrin, a ti sọ ọ́ di ère. N kò gbà rárá. Irun òwú kì í pẹ́ lórí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tú u, ó parí nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó mọyì rẹ̀ ju ẹni tó ń ya ẹ̀rín lọ. Nígbà tí Fondation Cartier, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan, pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní Paris ní 2000, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí wa ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yẹn.

Ohun kan ló ń dùn mí. Orúkọ irun wà nínú àkọlé: Onílé Gogoro, Abẹ̀bẹ̀. Orúkọ ìyá tó jókòó, tó fi ìka kó o, kò sí níbẹ̀. Ó wù mí kó wà níbẹ̀.