Villa Ti Rí Iná Oòrùn, Jẹnẹrétọ̀ Mẹ̀kúnnù Ńkọ́?

Bílíọ̀nù 10 náírà tí ìjọba àpapọ̀ kọ sínú ìṣúná ọdún 2025 láti fi gbé iná oòrùn wọ Villa ní Abuja ti tú àṣírí ohun tí àwọn aláṣẹ kì í fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ: àwọn náà kò gbẹ́kẹ̀ lé NEPA mọ́. A kò bá wọn jà lórí èyí. Ohun tí a ń bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n ṣe fún télọ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká pánẹ́ẹ̀lì, tó fi ṣéènì so jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ́ irin ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Ẹ dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí maṣíìnì àti fáànù jọ ń ṣiṣẹ́, àti nígbà tó ku gílóòbù kan ṣoṣo, bákan náà ni ẹ́ńjìnnì ń ké, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó bá ti NEPA dọ́gba. Epo ń jó lásán. Lítà bẹntiróòlù kan, tí kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí.

Jẹnẹrétọ̀ tó ní inverter nínú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ́kọ́ sọ iná ẹ́ńjìnnì di irú èyí tó wà nínú bátìrì, lẹ́yìn náà ni àwọn ègé ẹ̀rọ tó ń tàn tó ń kú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò tún un tò bí iná NEPA, tí ẹ́ńjìnnì fi lè rọra yí nígbà tí iṣẹ́ bá kéré. Owó rẹ̀ ló wọ́n.

Ní ọdún 2020, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Muhammad Bima Enagi gbé àbádòfin wá pé kí ẹni tó bá ń ta jẹnẹrétọ̀ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 10, a sọ pé ẹ̀wọ̀n kò lè tan iná, pé ẹ̀rọ náà gan-an ni kí a tún ṣe. Ta ló gbọ́? Kí ni ẹ̀ ń dúró dè, ẹ̀yin aláṣẹ? Ẹ jẹ́ kí owó ibodè orí èyí tó ní inverter wálẹ̀ lọ́dún yìí, kí àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sì pàṣẹ pé kí gbogbo páálí jẹnẹrétọ̀ tó bá wọ orílẹ̀-èdè yìí ní àkọlé gàdàgbà: lítà mélòó ni ó ń mu ní wákàtí kan, nígbà tí gílóòbù kan ṣoṣo bá ń tàn.