Ẹ já àgádágodo ilé ìtọ́jú ẹran náà

Àwọn agbowó tó lọ ti ilé ìtọ́jú ajá àti ológbò aláìnílé pa nílùú Abẹ́òkúta ti rojọ́ tiwọn: wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é kò san owó ìwé àṣẹ tí àwọn oníṣòwò ń san. A ti gbọ́. Ohun tí a ní í sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ já àgádágodo yẹn, ìpàdé lórí owó lè tẹ̀ lé e.

Òwò wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó gbé ajá tí ọkọ̀ gbá ní Pansẹ́kẹ́ wá, ajá náà kì í ṣe tirẹ̀, àánú ló ṣe é. Owó tí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ń dá jọ ni wọ́n fi ń ra òògùn. Àwọn dókítà ẹran tó ń yà síbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀. Bí ara ẹran bá sì ti mókun, alágbàtọ́ kan ní Àsèró tàbí Ọbáńtókò á mú un sọ́dọ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni tí yóò gbà á pátápátá. Èrè dà nínú ìyẹn tí ìjọba fẹ́ bù níbẹ̀?

Akọ̀ròyìn wa ti débẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Ó bá wọn nídìí ajá kan tí egbò ọrùn rẹ̀ ti ń yọ ìdin. Wọ́n fi ọ̀já aṣọ dì í lẹ́nu kó má baà géni jẹ, wọ́n fá irun etí egbò náà, ọmọbìnrin kan sì ń fi ẹ̀mú yọ ìdin lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọmọ ajá tí parvo, àrùn kan tó tètè ń pa ọmọ ajá, ń ṣe, tí wọ́n ń yàgbẹ́ ọ̀rìn, ń gba dírípù. Parvo kì í dúró de ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára inú fíríìjì wọn náà kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti tilẹ̀kùn, ta ló ń bá wọn tan jẹnẹrétọ̀?

Àìmọye ìgbà la ti kọ ọ́ lójú ewé yìí pé ọ̀rọ̀ ajá ìgboro, ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ wa ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láti ara ajá ni dìgbòlugi tó ń mú ènìyàn ti ń wá, tó bí ìdá 99 nínú 100. Nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹran tí a fura sí ń bù jẹ ni kò tí ì pé ọdún 15. Tí àmì àrùn náà bá ti yọjú lára ènìyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. (Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.) Bí a bá gún ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá àdúgbò lábẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní í rọ́nà ràn mọ́. Pípa ajá kiri kò ṣe é. Òmíràn á rọ́pò èyí tí a pa, láìgba abẹ́rẹ́. Àwọn tí ẹ tì mọ́ta yìí ló ń gún ajá tí kò lẹ́ni, tí wọ́n ń tẹ akọ lọ́dàá, tí wọ́n ń yọ ilé ọmọ abo kí wọ́n má baà máa bí sí ìgboro. Ta ló ń bá yín ṣe é tẹ́lẹ̀?

Wọ́n ní ilé ìwòsàn ẹran wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà. Ó wà, iṣẹ́ gidi ni wọ́n sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí ajá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní Lafẹ́nwá, awakọ̀ wo ni yóò gbé òun àti ajá náà dé Àlàbàtà?

Ó ti sú wa láti máa tún èyí sọ. Ọdún 2030 ni gbogbo àgbáyé dá pé dìgbòlugi ajá kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ti dé tán. Kí àwọn aláṣẹ ṣí ilé náà, kí wọ́n fi ìwé yọ ilé ìtọ́jú aláàánú kúrò lára àwọn tó ń san owó oníṣòwò, kí wọ́n sì máa gbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi wá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù yìí.