Obìnrin tó kan ilẹ̀kùn ni wọ́n tì síta

Ọ̀rọ̀ màmá kan tó ń jẹ́ Marian Farquharson ń dùn mí wọra gan-an o, torí báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, àwọn ọmọbìnrin ló sì pọ̀ jù nínú kíláàsì mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Linnean Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko àti ẹranko tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ńlá ni, àtọdún 1788 ló ti wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka iṣẹ́ Darwin àti ti Wallace, lórí bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń yí pa dà díẹ̀díẹ̀, síta lọ́dún 1858, àmọ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà ní mẹ́ńbà ní gbogbo ìgbà yẹn. Kódà lọ́dún 1897 tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrix Potter ṣèwádìí lórí bí olú ṣe ń hù, ọkùnrin ló bá a gbé e wọlé fún wọn.

Màmá Farquharson yìí, ewé fern ló mọ̀ dunjú, ewé tí kì í yọ òdòdó yẹn, tó máa ń so mọ́ ara igi ọ̀pẹ. Lọ́dún 1900 ló kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n gba àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa jókòó nípàdé. Wọn ò gbà níjọ́ yẹn, kò sì tìtorí ìyẹn dákẹ́, títí wọ́n fi yí òfin ẹgbẹ́ pa dà tí wọ́n wá dìbò lọ́dún 1904. Obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n mú. Òun ni wọn ò mú! Ẹni tó ṣán igbó tó la ọ̀nà, òun ni wọ́n ní kó má gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà tó di 1908 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò gbà á, àmọ́ mẹ́ńbà tuntun gbọ́dọ̀ wá fúnra ẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́, ara màmá ò sì yá mọ́, kò lè lọ. Kò fọwọ́ sí i títí tó fi kú lọ́dún 1912.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n padà gbà á. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, torí mo ti rí i nínú ẹgbẹ́ tiwa náà, ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ nípàdé lẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè ní aláriwo, tó bá sì dọjọ́ tí wọ́n ń pín ipò, wọ́n á fo orúkọ ẹ̀, ohun tó jà fún á wá di ti gbogbo ayé.

Tá a bá ti dórí fern ní kíláàsì, mo máa ń já ewé fern kan lára ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé iléèwé wa, màá yí i pa dà kí wọ́n rí àwọn àmì kéékèèké tó tò sẹ́yìn ẹ̀, màá wá kọ orúkọ màmá yẹn sójú bọ́ọ̀dù kí n tó kọ ohunkóhun míì.